Odi Òkúta àti Odi Ìwé: Ìtàn Ilé Olódi Norham

 

ÌFÁÁRÀ

Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú yín máa bi ara wọn pé kí ni olùkọ́ lítíréṣọ̀ ń wá nínú àlàpà ilé olódi kan tí ó wà ní òkè òkun. Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ìtàn àti àwọn awalẹ̀pìtàn nìyẹn? Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan.

Ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, nígbà tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ewì gígùn kan tí ń jẹ́ Marmion, èyí tí Walter Scott tẹ̀ jáde ní ọdún 1808, mo sọ ìtàn ajagun ẹlẹ́ṣin kan fún wọn, ẹni tí ó ru àṣíborí oníwúrà lọ sí ilé olódi Norham. Mo sọ ọ́ bí ẹni pé ó ṣojú mi. Bí mo ti parí rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan nawọ́ sókè, ó ní, "Ọ̀gá, ta ni ó sọ ìtàn náà?" Mo dárúkọ ìwé tí ó ti wá. Ó tún ní, "Ta ni ó kọ ìwé náà, kí ni ó sì pa òun àti odi náà pọ̀?" N kò lè dá a lóhùn. Mo ti ń kọ́ni ní ìtàn náà fún ọdún mélòó kan, n kò sì bi ara mi ní ìbéèrè yẹn rí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń tọpa Norham. Ohun tí mo sì rí ni mo fẹ́ fi hàn yín: odi méjì ni Norham. Ọ̀kan jẹ́ òkúta, èkejì jẹ́ ìwé. Eléyìí tí a fi òkúta mọ ti di àlàpà. Eléyìí tí a fi ìwé mọ ṣì dúró, ó sì lè dá ènìyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà òtítọ́ títí di òní olónìí. Iṣẹ́ tiwa, àwa tí a ń ka ìwé, ni láti yẹ odi kejì yìí wò bí mọlémọlé ti ń yẹ ògiri wò, kí a mọ ibi tí ó gbà lágbára àti ibi tí ó gbà sán.

IBI TÍ ODI NÁÀ WÀ ÀTI ÀWỌN TÍ Ó KỌ́ Ọ

Ní etí gúúsù odò Tweed, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni Norham wà. Odò yìí ni ààlà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Skọ́tíláńdì ní agbègbè náà. Bí ènìyàn bá dúró lórí òkè odi náà tí ó wo òdìkejì odò, ilẹ̀ Skọ́tíláńdì ni ojú rẹ̀ ń bá. Ìwọdò kan wà nítòsí tí ẹsẹ̀ àti ẹṣin lè gbà kọjá, nítorí náà ẹni tí ó bá di Norham mú ni ó di ilẹ̀kùn ààlà mú. Ilẹ̀ ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ṣe bí odi kí ènìyàn tó ṣe tirẹ̀: odò wà ní àríwá, àfonífojì jíjìn wà ní ìlà-oòrùn. Àwọn apá tí ó kù ni a gbẹ́ yàrà yí ká.

Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé kì í ṣe ọba ni ó ni odi yìí. Bíṣọ́ọ̀bù Durham ni ó ni ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Durham jìnnà síbẹ̀. Títí di ọdún 1844 ni a ń ka agbègbè Norham mọ́ ara ilẹ̀ Durham. Bíṣọ́ọ̀bù tí ó kọ́kọ́ tẹ odi náà dó ní ọdún 1121 ni Ranulf Flambard. Ọkùnrin yìí mọ ohun tí odi í jẹ́ dáadáa, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ti ṣe ẹlẹ́wọ̀n nínú ilé olódi ńlá tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n fi okùn pamọ́ sínú àgbá wáìnì ránṣẹ́ sí i, okùn náà ni ó sì fi sọ̀ kalẹ̀ tí ó fi sá lọ ní ọdún 1101. Ẹni tí ó ti mọ ọ̀nà àbájáde nínú odi ni ó wá di ẹni tí ń kọ́ odi.

Odi àkọ́kọ́ náà kò pẹ́ kí ó tó rí ogun. David Kìn-ín-ní, ọba Skọ́tíláńdì, gbà á ní ọdún 1136. Wọ́n bá a ṣe àdéhùn, ó dá a padà. Ní ọdún 1138 ó tún gbà á, lọ́tẹ̀ yìí ó sì wó o. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Láti nǹkan bí ọdún 1157 ni Bíṣọ́ọ̀bù Hugh de Puiset ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ́, ó sì fi òkúta mọ ilé ìṣọ́ gíga onígun mẹ́rin tí àlàpà rẹ̀ ṣì ga ju igi lọ lónìí. Nígbà tí Alexander Kejì, ọba Skọ́tíláńdì, sàga tì í ní ọdún 1215, ogójì ọjọ́ ni ó lò nídìí rẹ̀, kò rí i wọ̀.

Bí a bá dúró síbí, ìtàn akin lásán ni a ní lọ́wọ́: wọ́n wó o, wọ́n tún un kọ́, wọ́n dó tì í, kò mì. Ibi tí odi kejì ti bẹ̀rẹ̀ ni ó kàn wá jù.

ÌPÀDÉ ỌDÚN 1291

Ní ọdún 1286, Alexander Kẹta, ọba Skọ́tíláńdì, jábọ́ lórí ẹṣin ní òru, ó sì kú. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, Margaret, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọba Norway, ni ó yẹ kí ó jọba. Ọmọdébìnrin náà kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí ó kú ní ọdún 1290 lójú ọ̀nà àtibọ̀. Ìtẹ́ ṣófo, àwọn tí ó ń du oyè sì pọ̀. Kí ogun abẹ́lé má baà ṣẹlẹ̀, wọ́n fa Edward Kìn-ín-ní, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ inú ọ̀ràn náà.

Edward kò kọ́kọ́ ránṣẹ́ pe ọmọ ogun nìkan. Ìwé ni ó tún ránṣẹ́ pè. Ní oṣù Kẹta ọdún 1291, ó kọ̀wé sí àwọn ilé àwọn mọ́ǹkì káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n tú àwọn ìwé ìtàn wọn wò, kí wọ́n sì fi ohunkóhun tí wọ́n bá rí nípa àṣẹ ọba Gẹ̀ẹ́sì lórí Skọ́tíláńdì ránṣẹ́ sí òun. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ dúró wò ó. Àwọn ìwé tí àwọn mọ́ǹkì ti fara balẹ̀ kọ nínú yàrá ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ìwé òjò àti ọ̀dá, ìwé ikú ọba àti ìbí ọba, ni a wá kó jọ bí ẹni kó ọfà sínú apó.

Ní oṣù Karùn-ún, ó pe àwọn àgbààgbà Skọ́tíláńdì sí Norham. Adájọ́ rẹ̀, Roger Brabazon, ni ó bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ní kí ọba tó lè dá ẹjọ́ oyè náà, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé òun ni olúwa lórí ilẹ̀ wọn. Àwọn ará Skọ́tíláńdì bẹ̀bẹ̀ fún àyè láti ronú, wọ́n sì fún wọn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Èsì tí wọ́n mú wá jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́n jù tí mo mọ̀ láti ẹnu ẹni tí ó wà lábẹ́ ìdààmú. Wọ́n sọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé àwọn gbàgbọ́ pé ọba ńlá bẹ́ẹ̀ kò ní béèrè irú ohun bẹ́ẹ̀ bí kò bá rò pé ó tọ́ sí òun. Ṣùgbọ́n àwọn kò mọ ohunkóhun nípa ẹ̀tọ́ náà, àwọn kò sì rí i kí òun tàbí àwọn baba rẹ̀ lò ó rí. Wọ́n ní àwọn kò ní agbára láti dáhùn, nítorí ọba ni ọ̀rọ̀ náà bá wí, ọba kò sì sí. Ẹ ò rí i bí wọ́n ti sọ ọ́: wọn kò bú u, wọn kò sì gbà.

Kí ni àwọn akọ̀wé Edward kọ sínú àkọsílẹ̀ ìjọba nípa èsì yìí? Wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ará ilẹ̀ náà kò mú ohun kan tí ó já mọ́ nǹkan wá. Gbólóhùn kan péré ni. Ká ní àkọsílẹ̀ náà nìkan ni ó ṣẹ́ kù, à bá máa kọ́ àwọn ọmọ wa títí di òní pé wọ́n bi àwọn ará Skọ́tíláńdì léèrè, wọn kò sì rí nǹkan fi fèsì. Ṣùgbọ́n èsì náà kò sọnù. Ó ṣẹ́ kù sí ibòmíràn ní èdè Faransé, èyí tí àwọn ọlọ́lá ìgbà náà ń sọ, àwọn onímọ̀ sì ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tí ó gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì tí ó wá kọ ti ẹnìkan sílẹ̀.

Ohun tí àwọn àgbààgbà kọ̀, àwọn tí ó ń du oyè gbà á. Ní oṣù Kẹfà, wọ́n tẹ́wọ́ gba Edward ní olúwa, nítorí kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí oyè fo òun. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún 1292, a dá ẹjọ́ náà fún John Balliol ní Berwick. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn èyí, nínú odi Norham, ó búra fún Edward. Kò tíì pé ọdún mẹ́rin kí ogun tó bẹ́ sílẹ̀, ogun náà sì gba ọ̀pọ̀ ìran.

ỌMỌ OLÓRÍ Ẹ̀ṢỌ́ ÀTI ÌTÀN ÀṢÍBORÍ

Inú ogun yìí ni ìtàn tí mo sọ ní kíláàsì ti jáde. Lẹ́yìn tí Robert Bruce ti gba Berwick ní ọdún 1318, Norham ni ó kù tí ó ń gba ogun sára ní ẹnu odò náà. Olórí ẹ̀ṣọ́ odi náà ni Thomas Gray. Wọ́n sàga tì í lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan fún nǹkan bí ọdún kan, lẹ́ẹ̀kejì fún oṣù méje.

Ìtàn náà ni pé níbi àsè kan ní Lincolnshire, wọ́n gbé àṣíborí tí a fi wúrà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ wá fún William Marmion láti ọ̀dọ̀ obìnrin tí ó fẹ́ràn. Ìwé kan bá a wá: kí ó wá ibi tí ó léwu jù lọ ní gbogbo Bìrìtéènì, kí ó sì sọ àṣíborí náà di olókìkí níbẹ̀. Wọ́n ní Norham ni ibẹ̀, Marmion sì wá. Kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tí ogun fi dé iwájú odi. Gray sọ fún un pé ọ̀tá rẹ̀ nìyẹn, kí ó gun ẹṣin lọ bá wọn, òun yóò sì gbà á padà, ìbáà ṣe òkú tàbí ààyè. Marmion nìkan kọ lu àwọn ọ̀tá. Wọ́n ṣá a lójú, wọ́n fà á bọ́ lórí ẹṣin. Nígbà náà ni Gray àti àwọn ẹ̀ṣọ́ fi ẹsẹ̀ rìn jáde, wọ́n ń fi ọ̀kọ̀ gún ẹṣin àwọn ọ̀tá. Nígbà tí ọ̀tá yẹ̀ lulẹ̀, àwọn obìnrin inú odi ni ó fa ẹṣin jáde wá fún àwọn ọkùnrin, àwọn ìyẹn gùn ún, wọ́n sì lé ọ̀tá lọ.

Ta ni ó sọ ìtàn náà? Thomas Gray mìíràn ni, ọmọ olórí ẹ̀ṣọ́ náà gan-an. Ní ọdún 1355, òun pẹ̀lú jẹ́ olórí Norham nígbà tí àwọn ará Skọ́tíláńdì mú un lógun. Nínú ẹ̀wọ̀n ní ilé olódi Edinburgh, níbi tí ó ti rí ìwé àwọn ọ̀tá rẹ̀ kà, ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ìtàn tí à ń pè ní Scalacronica.

Ìdáhùn tí n kò lè fún akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyí. Ọmọ ni ó ń sọ̀rọ̀ baba rẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n mú lójú ogun ni ó ń rántí odi tí baba rẹ̀ kò jẹ́ kí ó bọ́. Kò yani lẹ́nu pé Marmion ni ó ru wúrà, ṣùgbọ́n Gray ni ó gbé ògo lọ. Ṣé kí a wá dà á nù nítorí èyí? Rárá o. Òǹkọ̀wé kan náà ni ó sọ fún wa pé ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ baba rẹ̀ dalẹ̀, tí ọ̀tá fi gba àgbàlá òde tí wọ́n sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ọ́. Ẹni tí ó fẹ́ yin ilé baba rẹ̀ nìkan ì bá bo ojú ibi tí ògiri náà gbé lanu. Òun náà ni ó sì fi ẹṣin sọ́wọ́ àwọn obìnrin, nígbà tí ó rọrùn láti fi gbogbo iyì fún àwọn ọkùnrin.

Síbẹ̀, àwọn kan wà tí òun pẹ̀lú kò dárúkọ. Ó sọ pé àwọn ọ̀tá sọ ṣọ́ọ̀ṣì Norham di odi tí wọ́n fi ń sàga ti odi. Kò sọ ibi tí àwọn tí ó ń jọ́sìn níbẹ̀ sá sí, tàbí ẹni tí ó kórè oko wọn lọ́dún náà.

ÌBỌN ÀGBÁ, ÀTI ÀLÀÁFÍÀ TÍ Ó WÓ ODI

Kí ni ó wá sọ Norham di àlàpà? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ní ogun ni. Ní tòótọ́, ìbọn àgbá dé. James Kẹrin, ọba Skọ́tíláńdì, gbé àgbá ńlá tí à ń pè ní Mons Meg wá síbẹ̀ ní ọdún 1497, ṣùgbọ́n kò rí odi náà gbà. Ó padà wá ní oṣù Kẹjọ ọdún 1513, àwọn àgbá rẹ̀ fọ́ ògiri, láàárín ọjọ́ bí mélòó kan odi náà sì juwọ́ sílẹ̀. Ayọ̀ rẹ̀ kò tó ọ̀sẹ̀ méjì: ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án, ó kú lójú ogun ní Flodden, tí kò jìnnà sí ibẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Thomas Ruthall sì tún odi kọ́, ó mú kí ògiri nípọn kí ó lè gba ọta àgbá sára.

Nítorí náà ogun kò pa Norham. Bí ogun bá ti wó o, ẹ̀rù ogun mìíràn a tún un kọ́. Ohun tí ó pa á dé ní ọdún 1603, ọkùnrin kan ṣoṣo ni ó sì gbé e wá. Nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth kú ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta, Robert Carey gun ẹṣin láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Edinburgh kí ó lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sọ fún James Kẹfà pé ó ti di ọba ilẹ̀ méjèèjì. Carey ti ṣe olórí Norham rí. Ó kọ ọ́ nínú ìwé tí ó kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀ pé òun dé Norham ní nǹkan bí ọ̀sán ọjọ́ kẹta. Pé òun ṣubú lórí ẹṣin lójú ọ̀nà, ẹṣin ta òun nípàá lórí, ẹ̀jẹ̀ sì dà. Ṣùgbọ́n òun dé ọ̀dọ̀ ọba ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ìròyìn tí ó gba Norham kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni ó pa iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́. Nígbà tí ọba kan náà ń jẹ lápá ọ̀tún àti lápá òsì odò, kí ni ẹnìkan tún ń ṣọ́? Odi náà bọ́ sọ́wọ́ George Home, ará Skọ́tíláńdì, ọ̀rẹ́ ọba. Ohun tí àwọn baba rẹ̀ kò fi àgbá gbà tán, àlàáfíà gbé e lé e lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí ó tún un kọ́ mọ́.

AKÉWÌ ÀTI AYÀWÒRÁN

Nígbà tí òkúta ń ṣubú, ìwé ń ga sí i. Walter Scott mú orúkọ Marmion, ó gbé e kúrò ní ìgbà Bruce wá sí ọdún Flodden, ó sì bẹ̀rẹ̀ ewì rẹ̀ ní ẹnu odi Norham. Ó yí ọkùnrin náà padà pátápátá: Marmion tirẹ̀ jẹ́ ọlọ́lá tí ó fi ìwé èké ba ọmọnìkejì rẹ̀ jẹ́. Mo ka ewì yìí lọ́pọ̀ ìgbà kí n tó rí i pé Scott, bóyá ó mọ̀ bóyá kò mọ̀, ti fi ìka kan ọgbẹ́ àtijọ́ Norham gan-an, níbi tí ìwé ti ṣe iṣẹ́ idà.

Ayàwòrán J. M. W. Turner kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ní ọdún 1797, ó sì ń padà sórí rẹ̀ títí ó fi darúgbó. Nínú àwòrán rẹ̀ tí ó gbẹ̀yìn, ní nǹkan bí ọdún 1845, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, màlúù kan dúró nínú odò, odi náà kò sì ju òjìji aláwọ̀ búlúù lọ. Kò sí ọba níbẹ̀, kò sí ẹ̀ṣọ́. Àwòrán náà tuni lára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra fún ìtura rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ibẹ̀ mọ Norham yóò rò pé ẹwà ni wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ.

ÌKÁDÌÍ

Ẹgbẹ́ English Heritage ni ó ń tọ́jú àlàpà náà lónìí. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo dúró lórí koríko àgbàlá inú, mo sì ń wo òdìkejì odò. Kò sí ẹni tí ó dá mi dúró ní ẹnubodè. Odi òkúta kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan mọ́.

Odi ìwé ni kí a máa ṣọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, bí ẹ bá ka ìtàn odi kan tàbí ìjọba kan, ẹ bi í léèrè bí ẹlẹgbẹ́ yín ti bi mí: ta ni ó sọ ọ́, kí ni ó sì pa á pọ̀ mọ́ ọn? Ẹ fi ìbéèrè kan kún un tí èmi kọ́ ní Norham: èsì ta ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé kò já mọ́ nǹkan? Ibi tí ẹ bá ti rí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe kọjá lọ. Ẹ wá èsì náà lọ. Ó lè wà ní èdè mìíràn, nínú àpótí mìíràn, ó lè pẹ́ kí ẹ tó rí i. Ti àwọn ará Skọ́tíláńdì ṣẹ́ kù. Kì í ṣe gbogbo tiwọn ni ó máa ń ṣẹ́ kù. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ yìí fi jẹ́ kánjúkánjú, tí kò sì yẹ kí a fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni àpótí nìkan.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bi mí ní ìbéèrè yẹn ti jáde láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ó bá gbọ́ nípa ọ̀rọ̀ yìí níbi tí ó wà, kí ó mọ̀ pé mo ti rí ìdáhùn díẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má bínú pé ó pẹ́.